Ilé Là Á Wò Kí A Tó Sọ Ọmọ Lórúkọ: Ìtàn Àyẹ̀wò Ọkọ̀ Jíìpù Kí A Tó Wà Á

Ó ti mọ́ wa lára níbí láti máa jíròrò lórí òwe, oríkì àti gírámà. Ṣùgbọ́n lónìí, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo gbé wá. Kì í ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ń sáré lórí ọ̀dà ni mo ní lọ́kàn, bí kò ṣe jíìpù, ọkọ̀ tí a ṣe fún ẹrẹ̀, òkè, iyanrìn àti odò. Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn kò ju ẹyọ kan lọ: báwo ni ó ṣe di òfin pé kí awakọ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ yí i po, kí ó wo abẹ́ rẹ̀, kí ó fi ọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ó tó jókòó láti wà á? Àwọn àgbà wa ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ ó rí i pé òwe náà bá ọ̀rọ̀ ọkọ̀ mu, ẹ ó sì rí ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi kàn mí gbọ̀ngbọ̀n.

Bàbá àgbà àti ọ̀rọ̀ mẹ́fà

Bàbá tó bí bàbá mi jẹ́ awakọ̀ lábẹ́ ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà ayé àtijọ́. Òun ni ó máa ń gbé àwọn òṣìṣẹ́ tí ń mójú tó iṣẹ́ àgbẹ̀ lọ sí oko kòkó, ní àwọn ọ̀nà tí kò mọ ohun tí ń jẹ́ ọ̀dà. Land Rover ni ó ń wà. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì, ó ra ọ̀kan tí ó ti gbó ní gbàǹjo, ó sì ń fi í kó ẹrù oko. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, mo máa ń jókòó sórí òkúta níwájú ilé, n ó máa wò ó láràárọ̀. Kò sí ọjọ́ kan tí ó wọ inú ọkọ̀ náà láìkọ́kọ́ yí i po. Bí ó ti ń yí i po ni ó ń ka ọ̀rọ̀ mẹ́fà sí ara rẹ̀ létí: ilẹ̀, omi, epo, ẹsẹ̀, ọwọ́, ojú.

Ilẹ̀ ni ibi tí ọkọ̀ sùn mọ́jú. Bàbá á bẹ̀rẹ̀, á wo abẹ́ rẹ̀ bóyá ohunkóhun kán sílẹ̀ lóru. Bí ohun tí ó kán bá dúdú, epo ẹ́ńjìnnì tàbí ti àpótí gíà ni. Bí ó bá mọ́ gaara, tí kò sì yọ̀ lọ́wọ́, omi ni. Bí ó bá wà nítòsí ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan, tí ó sì ń yọ̀ lọ́wọ́, ọkàn bàbá kò ní balẹ̀, nítorí ó lè jẹ́ omi búréèkì. Omi ni ti inú rédíétọ̀, èyí tí kì í ṣí bí ẹ́ńjìnnì bá ṣì gbóná, nítorí pé omi gbígbóná tí a sé mọ́ lè ru jáde kí ó bó ènìyàn lójú. Epo ni epo pẹtiróòlù àti ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì pa pọ̀. Á fa géèjì yọ, á nù ún, á tún un kì bọ̀ ọ́, á tún un fà yọ, nítorí pé fífà àkọ́kọ́ kì í sọ òótọ́. Ẹsẹ̀ ni táyà, rìmù àti àwọn nọ́ọ̀tì tí ó so wọ́n mọ́ ara ọkọ̀. Ọwọ́ ni ohun gbogbo tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ awakọ̀ ń darí: sítíárì, gíà, kílọ́ọ̀ṣì àti búréèkì. Ojú ni iná, díńgí àti gíláàsì iwájú.

Bàbá kò ka ìwé kọjá ìwọ̀n tí ó fi lè kọ orúkọ rẹ̀. Nígbà tí mo bi í léèrè ẹni tí ó kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ mẹ́fà náà, ó ní ọ̀gá òun ni, ẹni tí ó ti wa ọkọ̀ ológun ní Bọ́mà kí ó tó padà wálé. Mo gbọ́, mo sì gbàgbé. Ó tó ogún ọdún lẹ́yìn náà kí ó tó yé mi pé ìtàn gígùn kan ni bàbá ṣí sílẹ̀ fún mi lọ́jọ́ náà.

Bí jíìpù ṣe dé inú ayé

Ní ọdún 1940, nígbà tí ogun ti ń jó ní Yúróòpù, iléeṣẹ́ ológun ilẹ̀ Amẹ́ríkà kọ̀wé sí àwọn ilé iṣẹ́ 135 pé wọ́n ń fẹ́ ọkọ̀ kékeré kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò máa fà á, tí yóò lè rìn níbi tí kò sí ọ̀nà. Ọjọ́ tí wọ́n dá kéré débi pé ọ̀pọ̀ kò tilẹ̀ dáhùn. Ilé iṣẹ́ kékeré kan ní ìlú Butler ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, èyí tí ń jẹ́ American Bantam, ni ó gba iṣẹ́ náà. Karl Probst ni ó ya àwòrán ọkọ̀ yìí fún wọn. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1940, wọ́n wa ọkọ̀ àkọ́kọ́ náà dé ibùdó ológun Holabird ní Baltimore, nígbà tí àkókò tí wọ́n dá fún wọn kù díẹ̀ kí ó tán. Lẹ́yìn náà ni Willys-Overland àti Ford darapọ̀ mọ́ iṣẹ́ náà, àwọn méjèèjì ni wọ́n sì ṣe èyí tí ó pọ̀ jù. Nígbà tí ogun fi parí ní 1945, iye jíìpù tí wọ́n ti ṣe ti ju 600,000 lọ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé orúkọ náà ti inú lẹ́tà méjì, G àti P, jáde, pé àwọn lẹ́tà náà sì túmọ̀ sí ọkọ̀ tí ó wà fún iṣẹ́ gbogbo. Ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra. Nínú orúkọ GPW tí Ford fún ọkọ̀ tirẹ̀, G dúró fún ìjọba, P sì jẹ́ àmì fún ọkọ̀ tí àlàfo láàárín ẹsẹ̀ iwájú àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 80, nígbà tí W tọ́ka sí Willys. Kí ogun tó bẹ̀rẹ̀ pàápàá, ẹranko kan ti wà nínú àwòrán apanilẹ́rìn-ín Popeye láti ọdún 1936, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Eugene the Jeep, tí kò sí ibi tí kò lè dé. Àwọn sójà mọ̀ ọ́n dáadáa. Báyìí ni orúkọ máa ń rí: ó lè ní òbí ju ẹyọ kan lọ.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ ẹnu kò fi tó mọ́

Ohun tí ó ṣòro jù fún iléeṣẹ́ ológun kì í ṣe bí a ó ti ṣe ọkọ̀, bí kò ṣe bí a ó ti rí ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀. Wọ́n ń gbé kọ́kọ́rọ́ lé ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ì tíì wa ọkọ̀ rí. Ẹni tí kò mọ ìró ẹ́ńjìnnì tí ara rẹ̀ yá kò lè dá èyí tí ń ṣàìsàn mọ̀.

Àwọn awakọ̀ òfuurufú ti kọ́kọ́ rí irú wàhálà yìí. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹwàá ọdún 1935, ọkọ̀ òfuurufú Boeing Model 299 já lulẹ̀ ní pápá Wright ní ìpínlẹ̀ Ohio, ní kété tí ó gbéra. Ẹ̀rọ rẹ̀ kò ní àbùkù kankan. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n gbàgbé láti tú ìdè tí a fi ń ti àwọn apá ìdarí ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀, kí atẹ́gùn má baà máa mì wọ́n nígbà tí ó bá wà nílẹ̀. Ọ̀gágun Ployer Peter Hill kú nítorí ìjàǹbá náà, Leslie Tower, tí òun náà wà nínú ọkọ̀ ọ̀hún, sì kú lẹ́yìn náà. Ògbóǹtarìgì ni àwọn méjèèjì. Ẹ̀kọ́ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kọ́ ni pé ìmọ̀ nìkan kò tó, nítorí ẹni tí ó mọ nǹkan dáadáa náà lè gbàgbé. Wọ́n kọ àwọn ohun tí a gbọ́dọ̀ wò sórí ìwé, wọ́n sì sọ ọ́ di dandan kí a máa tọ̀ ọ́ lẹ́sẹẹsẹ kí ọkọ̀ tó gbéra.

Irú èrò kan náà ni ó hàn nínú ìwé ìlànà jíìpù tí iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọjọ́ 22 oṣù Kejì ọdún 1944, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ TM 9-803. Ìwé náà pín iṣẹ́ awakọ̀ sí ọ̀nà mẹ́rin: àyẹ̀wò kí a tó gbéra, àyẹ̀wò bí a ti ń lọ lọ́wọ́, àyẹ̀wò nígbà tí a bá dúró, àti àyẹ̀wò nígbà tí a bá dé. Ohun àkọ́kọ́ tí awakọ̀ gbọ́dọ̀ wò kí ó tó gbéra ni bóyá ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ kan ọkọ̀ náà tàbí bóyá ohun kan ti bà á jẹ́ láti ìgbà tí ó ti fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀rọ ìpaná, epo, ọ́ìlì àti omi. Lẹ́yìn náà ni bóyá ohun kan ń jò, aago inú ọkọ̀, fèrè, gíláàsì, iná, nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀, táyà, sípíríìnì, irin sítíárì àti àwọn irinṣẹ́. Àwọn òǹkà náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú: táǹkì epo gba gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà 15, atẹ́gùn táyà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ 35.

Ẹ wo bí ó ti sún mọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́fà bàbá àgbà tó! Ilẹ̀, omi, epo, ẹsẹ̀, ọwọ́, ojú: kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò sí nínú ìwé náà.

Mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí ẹyọ ohun kan nípa nọ́ọ̀tì. Lára jíìpù ayé ogun, nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ ọwọ́ ọ̀tún ń dì bí a bá yí i sí ọ̀tún, bí nọ́ọ̀tì gbogbo ti ń ṣe. Ṣùgbọ́n ti ẹsẹ̀ ọwọ́ òsì ń dì bí a bá yí i sí òsì. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀ ni kí yíyí ẹsẹ̀ ọkọ̀ má baà máa tú nọ́ọ̀tì bí ọkọ̀ ti ń lọ síwájú. Ẹni tí kò mọ̀, tí ó gbé sípánà, tí ó yí gbogbo wọn sí ọ̀nà kan náà, yóò rò pé òun ń di nọ́ọ̀tì ọwọ́ òsì nígbà tí ó jẹ́ pé ńṣe ni ó ń tú u. Nítorí náà, àyẹ̀wò kì í ṣe ọ̀rọ̀ agbára, ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ni.

Àwọn aláṣẹ rí i pé ìwé tí ó gbẹ kì í wọ ọ̀dọ́ lára. Wọ́n pe Will Eisner, gbajúmọ̀ ayàwòrán, láti fi àwòrán apanilẹ́rìn-ín kọ́ àwọn sójà ní ìtọ́jú ọkọ̀ nínú ìwé ìròyìn Army Motors. Ó dá sójà aláìbìkítà kan sílẹ̀ níbẹ̀, orúkọ ẹni tí ń jẹ́ Joe Dope, tí ohun gbogbo máa ń bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́. Ní ọdún 1951, iṣẹ́ náà tún padà gẹ́gẹ́ bí ìwé ìròyìn PS. Ẹ̀kọ́ gidi ni wọ́n fi ẹ̀rín dì.

Àwọn ọmọ wa lójú ọ̀nà Bọ́mà

Ibí yìí ni ìtàn náà ti kan ilé wa. Ní ìparí ọdún 1943 wọ inú oṣù Kìíní ọdún 1944, àwọn ọmọ ogun 81st West African Division la ọ̀nà jíìpù kan gba inú òkè àti igbó láti Chiringa lọ sí Daletme ní àfonífojì odò Kaladan ní Bọ́mà. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí máìlì 75, wọ́n sì pè é ní West African Way, ìyẹn Ọ̀nà Àwọn Ará Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Àwọn ọmọ Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia ni ó wà nínú ẹ̀ka ogun náà. Àdá àti ṣọ́bìrì ni púpọ̀ nínú wọn fi ṣiṣẹ́. Níbi tí jíìpù kò bá lè dé, orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù.

Ọ̀nà tí a fi àdá là lójú òkè kì í gba àṣìṣe. Bí búréèkì bá kọ̀ níbẹ̀, kò sí ibi tí a ó yà sí. Àwọn tí wọ́n padà wálé láti ibẹ̀ mú àṣà wíwo ọkọ̀ bọ̀ pẹ̀lú wọn, bí ti ọ̀gá bàbá mi àgbà. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìwé ìlànà. Ẹni tí kò lè kà á ní láti tún un ṣe ní èdè tirẹ̀, kí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí orí lè gbé e. Lójú tèmi, ohun tí ọ̀rọ̀ mẹ́fà náà jẹ́ nìyẹn: ìwé ìlànà tí kò ní bébà. Ìran wa tí ń fi orí pa odù ifá mọ́ kò ní rí ọ̀rọ̀ mẹ́fà bí ẹrù tí ó wúwo.

Land Rover àti ihò kékeré abẹ́ rẹ̀

Lẹ́yìn ogun, Maurice Wilks, tí ó jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ Rover ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń lo jíìpù ológun tó ti gbó ní oko rẹ̀ ní erékùṣù Anglesey. Ó ronú pé àwọn náà lè ṣe irú rẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n fi dán èrò náà wò ní 1947, ara jíìpù ni wọ́n ti mú ìsàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n fi Land Rover han gbogbo ayé ní ìpàtẹ ọkọ̀ ní Amsterdam ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 1948. Àlàfo láàárín ẹsẹ̀ iwájú àti ti ẹ̀yìn jẹ́ íǹṣì 80, gẹ́gẹ́ bí ti jíìpù. Nítorí pé irin wọ́n lẹ́yìn ogun, àdàlù alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀. Nílẹ̀ wa, ọkọ̀ yìí di ọkọ̀ ọlọ́pàá, ti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àti ti àwọn òṣìṣẹ́ àgbẹ̀.

Ohun kan wà lára Land Rover àtijọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀, nítorí pé ó fi hàn pé àyẹ̀wò jíìpù yàtọ̀ sí ti ọkọ̀ ojú ọ̀dà. Ihò kékeré kan wà nísàlẹ̀ ilé tí kílọ́ọ̀ṣì wà. Wọ́n fi í síbẹ̀ kí ọ́ìlì tí ó bá jò lè kán jáde, kí ó má baà ba kílọ́ọ̀ṣì jẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ la odò tí ó jìn kọjá, ihò yẹn gan-an ni omi yóò gbà wọlé. Nítorí náà, ìdérí onírin kékeré kan wà tí a gbọ́dọ̀ fi dí i kí a tó wọ omi, kí a sì yọ ọ́ nígbà tí a bá gòkè. Bí a bá gbàgbé láti dí i, omi á wọlé. Bí a bá sì gbàgbé láti yọ ọ́, ọ́ìlì á kó sínú rẹ̀. Wọ́n tún máa ń dẹ bẹ́líìtì fáànù nígbà tí omi bá jìn, kí fáànù má baà máa fọ́n omi sára àwọn wáyà iná. Bàbá àgbà máa ń so ìdérí yẹn mọ́ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ ni. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ ohun tí ó wà fún.

Ohun tí etí Yorùbá ṣe sí àwọn orúkọ náà

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ èdè, ipín tiyín rè é. Orúkọ ẹ̀yà ara ọkọ̀ gba ọ̀nà méjì wọ èdè wa. Ọ̀nà kìíní ni ìyálò. Èdè Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀, kì í sì í so kọ́ńsónáǹtì méjì pọ̀ ṣe ìṣùpọ̀. Nítorí náà, a ní láti fi fáwẹ̀lì kún un. Lẹ́yìn kọ́ńsónáǹtì tí a fi ètè pè, ù ni a sábà máa ń fi kún un: ìdí nìyí tí a fi ń wí pé jíìpù, pọ́ńpù àti búréèkì. Níbòmíràn, ì ni: gíríìsì, kílọ́ọ̀ṣì, bẹ́líìtì, jáàkì. Ẹ kò nílò láti kọ́ awakọ̀ kankan ní òfin yìí, ahọ́n rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n.

Ọ̀nà kejì ni èyí tí mo fẹ́ràn jù: a fi ara ènìyàn sọ ara ọkọ̀. Ẹsẹ̀ ni a pe ohun tí ó ń yí lábẹ́ rẹ̀, kì í ṣe táyà nìkan. A ní imú ọkọ̀, ìdí ọkọ̀, ojú ọkọ̀ àti abẹ́ ọkọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá dákẹ́, a ní ọkọ̀ kú. Bí ó bá ń lo ọ́ìlì ju bí ó ti yẹ lọ, a ní ó ń jẹ ọ́ìlì. Nítorí náà, nígbà tí bàbá bá ń ka ẹsẹ̀, ọwọ́, ojú, ńṣe ni ó dà bí ìyá tí ń wẹ ọmọ, tí ó ń wò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀ bóyá kòkòrò kankan ti jẹ ẹ́ lóru. Ẹni tí ó bá mọ bí a ti ń wo ọmọ, ó ti mọ ìlàjì bí a ti ń wo ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni àyẹ̀wò kì í ṣe wíwò lásán. Inú ọ̀rọ̀ ìṣe yẹ̀wò ni a ti ṣẹ̀dá rẹ̀ pẹ̀lú àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ à-. Ènìyàn lè wo nǹkan láìyẹ̀ ẹ́ wò.

Àwọn kan lè béèrè pé níbo ni Ògún wà nínú gbogbo èyí. Ògún ni ó ni irin, àwọn awakọ̀ wa sì ti ń bọ ọ́ láti ìgbà tí mọ́tò ti dé. Nínú eré Wọlé Ṣóyínká tí ń jẹ́ The Road, tó jáde ní 1965, Ògún àti ikú ojú ọ̀nà kò jìnnà síra. Bàbá àgbà náà kì í ṣàìsọ ọ̀rọ̀ àdúrà kí ó tó ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn àyẹ̀wò ni àdúrà rẹ̀ máa ń wá. Kò fi ọ̀kan dípò èkejì.

Ọjọ́ tí mo kánjú

Mo ti ń lọ́ tìkọ̀ láti kọ apá yìí. Nígbà tí mo ń ṣe ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé, a háyà jíìpù àtijọ́ kan láti lọ gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ ní abúlé kan lórí òkè. Bàbá àgbà ti kú nígbà náà. Awakọ̀ wa jẹ́ ẹni tí ó tó bí mi, ènìyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Táyà ẹ̀yìn ti jò lọ́jọ́ tí ó ṣáájú, wọ́n sì ti tún un ṣe. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo bá a tí ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ náà pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí a máa lọ. Àwọn àgbà ti ń dúró dè wá, wọn yóò sì lọ sí oko bí oòrùn bá mú."

Ó ní, "Tíṣà, kò ní pẹ́."

Mo tún un sọ. Ohùn mi le díẹ̀ nígbà kejì. Ó wò mí, ó ju sípánà sẹ́yìn ọkọ̀, a sì gbéra.

Ìdajì ọ̀nà ni a wà, ní ìsọ̀kalẹ̀, nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìró kan láti ẹ̀yìn bí ẹni ń fi òòlù lu irin. Kí ó tó lè dúró dáadáa, ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà já, ó sì yí wọ inú igbó. Ọkọ̀ náà fì, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ nínú kòtò. Èmi bọ́ pẹ̀lú ọgbẹ́ díẹ̀. Bàbá kán lẹ́sẹ̀. Nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú tí a sì tún dì máa ń fẹ́ kí a tún wò ó lẹ́yìn ìrìn díẹ̀, nítorí pé ó lè dẹ̀ nígbà tí rìmù bá jókòó sí àyè rẹ̀. Ohun tí bàbá fẹ́ ṣe nìyẹn. Kò lè gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Nígbà tí mo lọ wò ó nílé ìwòsàn, mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n dìde. Ó ní, "Tíṣà, ẹ má dá ara yín lẹ́bi. Ẹnu lẹ fi sọ tiyín. Ọwọ́ tèmi ni sípánà wà."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Òótọ́ kan wà nínú rẹ̀ tí ìwé TM 9-803 náà mọ̀: awakọ̀ ni ó ni àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n òótọ́ kejì wà tí bàbá fi ọ̀wọ̀ bò mọ́lẹ̀. Àwa tí a jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, tí a ń sanwó, tí a jẹ́ ọ̀gá tàbí tíṣà, àwa ni a máa ń gba sípánà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ẹnu. Ní ayé ogun, awakọ̀ ológun ní fọ́ọ̀mù kan, nọ́ńbà 48, tí ìrìn àjò àti àyẹ̀wò ọkọ̀ jọ wà lórí rẹ̀. Mo gbà pé iṣẹ́ tí irú bébà bẹ́ẹ̀ lè ṣe jù ni pé ó fún ẹni kékeré ní ohun tí yóò fi dá ẹni ńlá lóhùn: mi ò tíì wò ó tán, sà. Bàbá tèmi kò ní irú bébà bẹ́ẹ̀. Ọ̀wọ̀ tí ó ní fún ìwé tí mo kà ni ó mú kí ó ju sípánà nù.

Ohun tí ó kù láti ṣe

Kì í ṣe pé orílẹ̀-èdè wa kò gbìyànjú. Ní ọdún 1977 ni wọ́n dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ìgbà náà, Wọlé Ṣóyínká sì wà lára àwọn tí ó ṣe é. Ní oṣù Kejì ọdún 1988, ìjọba àpapọ̀ dá ti gbogbo orílẹ̀-èdè sílẹ̀, òun ni ó sì jẹ́ alága àkọ́kọ́ ìgbìmọ̀ rẹ̀. Àwọn fíáíòó náà ń yẹ ọkọ̀ wò kí wọ́n tó fún un ní ìwé ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí kò lè sọ ohun tí ó kán sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ lánàá. Awakọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ òní nìkan ni ó lè mọ̀.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ wọ ọkọ̀, pàápàá jíìpù tí ń lọ sí ibi tí kò sí ọ̀nà, ẹ jẹ́ kí awakọ̀ wo ilẹ̀, omi, epo, ẹsẹ̀, ọwọ́ àti ojú. Bí ó bá gbàgbé, ẹ rán an létí. Bí ó bá rántí, ẹ má ṣe kán an lójú. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń kọ́ èdè, ẹ lọ bá àwọn awakọ̀ àgbà àti àwọn mẹkáníìkì ìlú yín, kí ẹ kọ orúkọ tí wọ́n ń pe ẹ̀yà ara ọkọ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó lọ. Púpọ̀ nínú wọn kò sí nínú ìwé atúmọ̀ èdè kankan. Bí ẹ bá rí ọ̀kan tí n kò mẹ́nu bà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi tó mi létí.

Bàbá awakọ̀ náà ṣì wà láàyè. Ó ń tiro díẹ̀. Nígbàkígbà tí mo bá lọ kí i, á sìn mí dé ìdí ọkọ̀ mi, á sì dúró títí n ó fi yí i po tán.

Ọ̀nà á là o. A ó máa dé ire.